Ẹbí ọ̀pẹ òyìnbó lórí àpáta Bahia: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò wa láti Salvador dé Igatu

Wẹ́sìdeè, Salvador

Bromeliad la fẹ́ wá lọ o. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹbí ọ̀pẹ òyìnbó ni, ọ̀pẹ òyìnbó tí à ń gé jẹ nílé yẹn gan-an ló lókìkí jù nínú wọn, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi tó wà nínú ẹbí náà lé ní 3,000, Brazil nìkan ní èyí tó lé ní 1,300, púpọ̀ nínú wọn ni ò sì sí níbòmíì lágbàáyé. Àwọn tó wù mí jù ni àwọn tó jẹ́ pé òkè kan tàbí méjì péré ni wọ́n ń gbé, tí èèyàn bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí òkè yẹn, ó parí, kò ní bá wọn pàdé mọ́ lọ́nà.

Àbúrò mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko ní Feira de Santana la jọ ń lọ. Ọmọ Bahia ni, ìpínlẹ̀ Brazil tí Salvador wà nínú rẹ̀, ó wá kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ mi, Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí. Kó tó gbà kí n tẹ̀ lé òun ló ti là á fún mi pé a ò ní fa ohunkóhun tu. Kí èèyàn tó já ewé fún iṣẹ́ ìwádìí nínú páàkì ìjọba àpapọ̀ ní Brazil, ó gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àṣẹ nípasẹ̀ SISBIO, ọ̀dọ̀ ICMBio nìyẹn wà, àwọn tó ń bójú tó àwọn páàkì ìjọba àpapọ̀. Fọ́tò la máa kó ní tiwa, àti ibi tí a ti rí i gẹ́lẹ́ lórí GPS, àti ìwé tí a máa kọ nǹkan sí. Mo fara mọ́ ọn pátápátá.

Kí ojú wa lè mọ́ wọn lára díẹ̀ la fi kọ́kọ́ lọ sí Abaeté ní Itapuã, ní Salvador níbí, ibi tí yanrìn ti funfun báláú tí omi adágún rẹ̀ sì dúdú. Aechmea blanchetiana ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ti lè rí i nínú fọ́tò gáàdì àwọn olówó, ó ga, ewé rẹ̀ fẹ̀, tí oòrùn bá ń pa á dáadáa ewé yẹn á pọ́n bí ọsàn, ṣùgbọ́n èyí tó wà lábẹ́ igi ní ìbòòji á tutù yọ̀yọ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ á ní oríṣi méjì ni. Orúkọ Jacques Samuel Blanchet ni wọ́n fún un, ọmọ Switzerland kan tó kó ewéko jọ gan-an ní Bahia ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Àwọ̀ ewé ò ṣeé fi dá bromeliad mọ̀, ẹ̀kọ́ tí àbúrò mi fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí n kọ́kọ́ fọwọ́ pa etí ewé rẹ̀, ṣé ó ní ẹ̀gún àbí kò ní. Tí etí rẹ̀ bá ń jọ̀lọ̀ láìní ẹ̀gún rárá, ìhà ọ̀dọ̀ Tillandsia àti Vriesea ni kí n kọjú sí, irúgbìn àwọn yẹn máa ń ní irun, atẹ́gùn ló ń gbé e lọ. Tó bá ní ẹ̀gún, tí èso rẹ̀ sì rọ̀ tí ẹyẹ lè jẹ ẹ́, ìhà ọ̀dọ̀ ọ̀pẹ òyìnbó àti Aechmea nìyẹn. Tó bá ní ẹ̀gún àmọ́ tí èso rẹ̀ gbẹ tó ń là, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Dyckia, Encholirium àti àwọn ará wọn. Ìbéèrè méjì péré, ẹ̀gún àti èso, ó ti gbé ẹ kúrò nínú 3,000 bọ́ sí ìdá kan rẹ̀.

Omi òjò máa ń dúró láàárín ewé wọn, a tan iná fóònù sínú ọ̀kan, a rí ìdin kòkòrò, ewé tó ti jẹrà àti àkèré kékeré kan tó sá wọ ìsàlẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ ní ká fi í sílẹ̀ jàre, pé dengue ló wà níbẹ̀, àìsàn ibà kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa ní Salvador, àwọn kan tiẹ̀ ti gé èyí tó wà nílé wọn dànù nítorí ẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Rio ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fa omi inú bromeliad púpọ̀ jáde, ìdin Aedes aegypti, ẹ̀fọn tó ń gbé dengue, tí wọ́n bá níbẹ̀ kéré jọjọ, àwọn ẹ̀fọn míì ló ń gbé inú rẹ̀. Korobá tí omi kún inú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé àti táyà tí wọ́n jù sílẹ̀ ló yẹ kí wọ́n bá wí.

Tọ́sìdeè, Feira de Santana

Feira ò ju nǹkan bíi 110 kìlómítà sí Salvador, a tètè dé. Ilé tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí ní yunifásítì ìpínlẹ̀ (HUEFS ni wọ́n ń pe ibẹ̀) la ti lo gbogbo ọ̀sán, kábọ́ọ̀dù lórí kábọ́ọ̀dù, wọ́n fi pépà wé gbogbo ẹ̀, òórùn ewé gbígbẹ àti oògùn kòkòrò. Inú mi dùn síbẹ̀ kọjá bí mo ṣe rò. Bromeliad ò rọrùn láti tẹ̀ gbẹ, ó nípọn, ó kún fún omi, ńṣe ni wọ́n máa ń là á sí méjì, wọ́n á mú ewé kan méjì àti ìdajì òdòdó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ láàárín pépà títí yóò fi gbẹ, tó bá sì ti gbẹ tán gbogbo ẹ̀ á di brown, pupa lọ, funfun lọ, àlùkò lọ. Ohun tó kù tó níye lórí ni pépà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Mo rí èyí tí wọ́n kọ orúkọ ìlú àti déètì nìkan sí, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, mo tún rí èyí tí ẹni tó já a kọ pé orí àpáta, oòrùn ń pa á tààrà, òdòdó funfun, kò ní ọ̀pá, ọmọ rẹ̀ ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn wá dà bíi pé ewéko náà ṣì wà láàyè níwájú ẹ. Látìgbà yẹn ni mo ti pinnu bí ìwé tèmi ṣe máa rí.

Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti bi mí pé, Ẹ̀gbọ́n, ṣé bromeliad wà nílé yín? Mo ní ọ̀pẹ òyìnbó ni, àwọn Potogí ló kó o dé Áfíríkà láti ìhà ibí. Àmọ́ èyí tó hù fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Áfíríkà, ẹyọ kan ṣoṣo ní gbogbo ayé tí kò sí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà: Pitcairnia feliciana, ní Guinea, lórí àpáta olókùúta yanrìn. Henri Jacques-Félix, ará Faransé, ló já a ní 1937, ara orúkọ tiẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹni tó bá ń rò pé ìgbà tí Áfíríkà àti Amẹ́ríkà ṣì jẹ́ ilẹ̀ kan ló ti wà níbẹ̀, rárá o, àwọn tó ṣe ìṣirò DNA rẹ̀ ní kò lè ju nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún mẹ́wàá lọ tó dé ibẹ̀, ilẹ̀ méjèèjì sì ti pín níyà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn, òkun ti wà láàárín. Irúgbìn kan ló sọdá òkun tó lọ bọ́ sórí àpáta tó gbà á. Àbúrò mi ti kà nípa rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò tíì rí ẹni tó wá láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tó bá a sọ ọ́ báyìí, a jókòó sórí ẹ̀ pẹ́.

Fúráìdeè, lójú ọ̀nà

A gbéra ní kùtùkùtù, BR-116 lẹ́yìn náà BR-242, ilẹ̀ ń gbẹ sí i bí a ṣe ń lọ, igi ń kúrú sí i, ẹ̀gún ń pọ̀ sí i, caatinga nìyẹn. Ẹ wo wáyà iná mànàmáná tí ẹ bá gba ọ̀nà yìí. Àwọn ìṣù kékeré tó rọ̀ mọ́ wáyà yẹn kì í ṣe ìtẹ́ ẹyẹ o, Tillandsia recurvata ni, kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò sí igi, irun wẹ́wẹ́ tó bo ewé rẹ̀ ló fi ń mu ìrì àti òjò, gbòǹgbò rẹ̀ ò ní iṣẹ́ méjì ju kó di wáyà mú lọ.

A yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbi tí àpáta ńlá kan ti yọrí láàárín pápá, a bèèrè lọ́wọ́ onílẹ̀ kí a tó wọlé, bàbá àgbàlagbà kan ni, ó tẹ̀ lé wa pẹ̀lú àdá. Òun ló kọ́ wa ní tòótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó fi caroá hàn wá, Neoglaziovia variegata, ewé rẹ̀ kò ju méjì mẹ́ta lọ, ó gùn, ó dúró ṣánṣán, funfun sì là á ní bẹ́líìtì bẹ́líìtì, kò sí bí o ṣe lè ṣì í mọ̀. Okùn ni wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀, ó ní bàbá òun máa ń lù ú, wọ́n á sá a, wọ́n á fi hun okùn àti hámọ́ọ̀kì, nígbà kan rí tiẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe é ní Caruaru ní Pernambuco, kí okùn rọ́bà tó gba ọjà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó fi macambira hàn wá, Bromelia laciniosa, ẹ̀gún rẹ̀ yí síwá yí sẹ́yìn, tó bá ti mú ṣòkòtò ẹ kò ní í jẹ́ kó lọ. Ó ní lọ́dún ọ̀dá wọ́n máa ń fi iná jó ẹ̀gún rẹ̀ kúrò fún màlúù, àwọn èèyàn pàápàá máa ń gún ìdí ewé rẹ̀, wọ́n á yọ ìyẹ̀fun jáde, wọ́n á jẹ ẹ́ kí ebi má baà pa wọ́n kú. Kò fi ṣe àwàdà rárá nígbà tó ń sọ ọ́, àwa náà ò sì lè fi ṣe eré.

Orí àpáta yẹn gan-an ni Encholirium spectabile wà, odidi agbo rẹ̀, ewé rẹ̀ rí bí ti Dyckia tó bẹ́ẹ̀ tí èmi ì bá fi pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá òdòdó rẹ̀ wà lókè, ó ga ju èmi lọ, àbúrò mi sì ní kí n wo ibi tí ọ̀pá náà ti yọ. Ti Encholirium máa ń yọ láàárín gbùngbùn, ti Dyckia máa ń yọ láti ẹ̀gbẹ́. A ya ibẹ̀ ní fọ́tò dáadáa, ìdí ọ̀pá, kì í ṣe orí rẹ̀ nìkan. Òdòdó rẹ̀ ò ní àwọ̀ kan tó ń pe èèyàn, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ewé tó fẹ́ gbẹ, torí pé òru ló ń ṣiṣẹ́, àdán ló ń wá mu omi adùn inú rẹ̀ tó sì ń fi ìyẹ̀fun òdòdó ránṣẹ́ sí òmíràn. Bàbá yẹn ní òun máa ń gbọ́ ìró àwọn àdán náà tí òun bá sùn níta.

Alẹ́ la wọ Lençóis, ó tó 430 kìlómítà sí Salvador, ẹ̀yìn ń ro wá.

Sátidé àti Sọ́ńdè, Lençóis

Òjò mú wa ní Sátidé. A lọ sí Serrano, ibi tí omi ti gbẹ́ ihò sínú òkúta aláwọ̀ mèremère, a padà, a fọ aṣọ, a to fọ́tò. Kò sí púpọ̀ láti sọ.

Sọ́ńdè la gun Morro do Pai Inácio, ó ga tó nǹkan bíi 1,120 mítà, bí ẹ bá ti rí fọ́tò Chapada Diamantina, àgbègbè olókè tí a wà yìí, kan rí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ orí òkè yìí ni wọ́n dúró sí. Èrò pọ̀. Wọ́n ń sọ ìtàn Pai Inácio fún wa, ẹrú tó fẹ́ràn obìnrin ilé ọ̀gá rẹ̀, tí wọ́n lé dé orí òkè yìí tó fi bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú agbòjò, mo dákẹ́ gbọ́ ọ torí àwọn èèyàn wa pọ̀ lára àwọn tí wọ́n kó wá síbí. Lórí òkè, òkúta yanrìn ni gbogbo ẹ̀, ilẹ̀ ò ju ìka kan lọ, síbẹ̀ nǹkan hù. Vriesea wà níbẹ̀, etí ewé jọ̀lọ̀ láìní ẹ̀gún, àwọn orchid wà láàárín àpáta. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí a gbà sọ̀kalẹ̀ ni mo ti rí Aechmea bromeliifolia, inú mi sì dùn torí èmi fúnra mi ló dá a mọ̀ kí àbúrò mi tó lanu: orí òdòdó rẹ̀ kún fún irun funfun bíi òwú, òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èyí tó là lánàá sì ti dúdú kirikiri. Kò sí ohun tó tún ń bàjẹ́ di dúdú bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn.

Mọ́ńdè, Mucugê

Ìdí tí a fi wá nìyí. Mucugê wà ní nǹkan bíi 1,000 mítà, òtútù máa ń mú níbẹ̀ láàárọ̀, kùrukùrù bo àpáta, kùrukùrù yẹn sì wà lára ohun tí àwọn ewéko ibẹ̀ ń mu. Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí dáyámọ́ńdì púpọ̀ ní 1844 ni, tí gbogbo ayé fi ya wá.

A wọ páàkì ìlú náà, ọ̀dọ̀ Projeto Sempre Viva, a gba ọ̀nà Piabinha. Òdòdó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sempre-viva, tó jẹ́ pé tí ó bá gbẹ pàápàá kì í rọ, wọ́n já a, wọ́n já a, wọ́n ń tà á lọ sí òkè òkun títí ó fi ku díẹ̀ kó tán, òun ni wọ́n torí ẹ̀ dá páàkì yẹn sílẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ẹnu ọ̀nà ṣàlàyé rẹ̀ fún wa pẹ̀lú ìbànújẹ́, ó sì ní kí a má ṣe fẹsẹ̀ kan kúrò lójú ọ̀nà.

Ìdílé tí à ń wá, ẹ̀ka kan nínú ẹbí ọ̀pẹ òyìnbó, ń jẹ́ Sincoraea. Òkè Sincorá níbí ni wọ́n fi sọ ọ́, Ernst Ule, ará Jámánì, ló kọ orúkọ yẹn ní 1908. Lẹ́yìn náà wọ́n pa á pọ̀ mọ́ Orthophytum, ìdílé bromeliad míì, ó wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ Brazil ló tún wá yọ ọ́ padà lẹ́yìn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ hàn gbangba lójú: Orthophytum máa ń na ọ̀pá òdòdó sókè, Sincoraea kì í ní ọ̀pá, àárín ewé ni òdòdó rẹ̀ jókòó sí, tí àkókò òdòdó bá sì tó, ewé àárín á pọ́n ròdòròdò kí ẹyẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní beija-flor lè rí i láti òkèèrè.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Neoregelia náà máa ń jókòó òdòdó sáàárín ewé. Neoregelia bahiana sì wà lórí àpáta kan náà, a rí i, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ dì mọ́ra sókè, omi wà nínú rẹ̀. Sincoraea tẹ́ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ó sì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọ rẹ̀ á máa hù yí i ká. Àmọ́ ẹ̀rí tí kò ṣeé jiyàn lé lórí wà nínú òdòdó. A rí òdòdó kan tó ti já bọ́ fúnra rẹ̀ sórí òkúta, àbúrò mi fi ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń yọ ẹ̀gún la awẹ́ rẹ̀, ó fún mi ní awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi. Nínú awẹ́ náà nísàlẹ̀, nǹkan wẹ́wẹ́ méjì dúró síbẹ̀ bí etí aṣọ tó ya. Neoregelia ò ní i. Mo wò ó títí ojú fi ń ro mí, mi ò fẹ́ gbé awò náà sílẹ̀, ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, òun ló sì ń sọ ẹni tí ewéko yìí jẹ́ fún gbogbo ayé. Sincoraea mucugensis, wọ́n fi orúkọ ìlú náà sọ ọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀: orí àpáta, ìbòòji díẹ̀ láàárọ̀, òdòdó funfun, kò ní ọ̀pá, ọmọ ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́, Vriesea kan wà nítòsí.

Túsìdeè, Igatu

Láti Mucugê sí Igatu ò jìnnà àmọ́ òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà ibẹ̀, ọkọ̀ ń gbọ̀n. Ìlú òkúta ni, àwọn tó ń wa dáyámọ́ńdì ló kọ́ ilé òkúta sábẹ́ àpáta, nígbà tí dáyámọ́ńdì tán wọ́n lọ, ilé ṣì wà, òrùlé ò sí. Àwọn tó wa ilẹ̀ yẹn, ẹrú ló pọ̀ nínú wọn níbẹ̀rẹ̀. Bromeliad ti wá gba orí ògiri, Tillandsia wà lára ẹnu ọ̀nà, ibi tí wọ́n ń dáná sí tẹ́lẹ̀ ní Vriesea nínú.

Afinimọ̀nà wa, bàbá tó ti lé ní àádọ́rin, bàbá rẹ̀ náà wa dáyámọ́ńdì. Ó mú wa lọ síbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àpáta kan lókè odò, ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́ ibẹ̀ pupa ràì láti òkè dé ilẹ̀ nígbà òdòdó. Ohun tí a bá níbẹ̀ ò tó ogún, wọ́n so mọ́ apá òkè níbi tí ọwọ́ ò lè dé. Àwọn kan ti wá pẹ̀lú àpò, wọ́n fa wọ́n tu, wọ́n kó wọn lọ fún àwọn tó ń rà á láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an, mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí tó sì máa ń ra ewéko lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́ ọ yékéyéké: bromeliad àpáta ò yára dàgbà, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kálukú wọn máa ń so òdòdó láyé rẹ̀ kó tó kú fún àwọn ọmọ tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹ bá fa ìyá àti ọmọ tu pọ̀, kò sí ẹni tó kù láti dí àyè yẹn. Àwọn tó ń fi irúgbìn gbìn ín ní nọ́sìrì wà, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti rà, ẹ bèèrè ibi tó ti wá kí ẹ tó sanwó.

Lára àwọn tó kù lókè yẹn, ọ̀kan wà tí a ò lè sọ orúkọ rẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ewé rẹ̀ ní irun funfun lẹ́yìn, ẹ̀gún etí rẹ̀ kọjú sí iwájú, àárín rẹ̀ ti ń pọ́n díẹ̀ àmọ́ òdòdó ò tíì là. Mo fi lẹ́nsì gígùn ya á. Àbúrò mi wò ó, ó ní Sincoraea ni, kò ní í kọjá ibẹ̀, òun ò ní fi orúkọ kejì sí i láìrí òdòdó. Bàbá ní òun mọ̀ ọ́n, gravatá ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n ń pè ní gravatá níbẹ̀.

Wẹ́sìdeè, Salvador

Mo ti gbé gbogbo fọ́tò sórí iNaturalist, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń bá ara wọn dá ewéko àti ẹranko mọ̀, mo bo ibi tí èyí tó ṣọ̀wọ́n wà mọ́lẹ̀ kí àwọn alápò má baà tọpasẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà ní Mucugê, ẹnì kan tó mọ ìdílé náà dáadáa ti fọwọ́ sí i. Ti Igatu ṣì wà ní Sincoraea sp., ìyẹn ni pé a ò tíì mọ orúkọ kejì rẹ̀.

Tí ẹnikẹ́ni bá ń lọ sí Igatu láàárín oṣù tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sí mi kí n júwe àpáta náà fún yín. Fọ́tò àárín rẹ̀ nígbà tí òdòdó bá là ni mo nílò, láti òkè tààrà, àti ti ẹ̀gbẹ́ kí a lè rí bóyá ọ̀pá wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá rí òdòdó tó ti já bọ́, ẹ la awẹ́ rẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀ nínú, ẹ yà á ní fọ́tò lórí pépà funfun. Ẹ fi èyí tó wà lókè sílẹ̀ síbi tó wà.